Bí a ṣe dé àdúgbò àwọn Júù ní Prague láti ibùdókọ̀ ojúurin, àti bí a ṣe gba owó wa padà lójú ọ̀nà

Láti ibùdókọ̀ ojúurin ńlá ìlú Prague, ní ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì, dé Josefov, àdúgbò àwọn Júù láti ayé àtijọ́, ọ̀nà ò jìn rárá. Ọkọ̀ ojúurin abẹ́ ilẹ̀ á gbé yín débẹ̀ kí ìṣẹ́jú 20 tó pé, ẹni tí orúnkún rẹ̀ bá sì dá ṣáká lè fẹsẹ̀ rìn ín ní nǹkan bí ìdajì wákàtí. Àmọ́ ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kọkànlá ló bá ọ̀nà kékeré yẹn lọ lọ́wọ́ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Kì í ṣe ọkọ̀ ló dá wa dúró, kì í sì í ṣe pé a ṣìnà. Àwọn tó ń pààrọ̀ owó fún àlejò ni. Nínú yúrò 200 tó wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, yúrò 72 ni wọ́n fẹ́ gbé mì lójú wa kòrókòró. A gbà á padà, kọ́bọ̀ kan ò ṣẹ́ kù sọ́wọ́ wọn. Síbẹ̀ inú ṣì ń bí mi, nítorí àkókò tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó lè dá a padà.

Berlin ni mò ń gbé. Ẹ̀gbọ́n mi yìí, tí mo ń pè ní Àǹtí mi, wá láti Ìbàdàn wá lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Olùkọ́ ìtàn ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé, wọn ò béèrè ọjà, wọn ò béèrè aṣọ. Ohun tí wọ́n bẹ̀ mí fún ni pé kí n mú wọn lọ sí Sínágọ́gù Pinkas, ilé ìjọsìn àwọn Júù kan ní Josefov, níbi tí a kọ orúkọ àwọn Júù ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì tí ìjọba Násì pa sí ara ògiri, orúkọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 80,000.

"Ó pẹ́ tí mo ti ń pe nọ́ńbà fún àwọn ọmọ ilé ìwé," ni wọ́n sọ fún mi. "Mo fẹ́ fi ojú mi ka orúkọ."

Mo ti ro ọjọ́ náà dáadáa kí n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ilé tó wà lábẹ́ Mùsíọ́mù Júù ìlú Prague ni wọ́n máa ń tì ní ọjọ́ Sátidé nítorí Sábáàtì, ọjọ́ ìsinmi àwọn Júù tó ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, wọn a sì tì wọ́n ní ọjọ́ àjọ̀dún Júù pẹ̀lú. Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n ń ṣí títí di agogo mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ní ìgbà òtútù, bíi ti ọjọ́ yòókù. Sínágọ́gù Staronová, tó wà ní Josefov bákan náà, ló yàtọ̀. Ọwọ́ ìjọ àwọn Júù ìlú náà ló wà, kì í ṣe ọwọ́ mùsíọ́mù. Wọ́n ṣì ń jọ́sìn nínú rẹ̀ títí dòní, nítorí náà, lọ́jọ́ Ẹtì, wákàtí kan kí Sábáàtì tó wọlé ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ àlejò. Ní oṣù kọkànlá, agogo mẹ́rin kì í pẹ́ kọjá tí oòrùn ti ń wọ̀ ní Prague. Ẹni tó bá fẹ́ wọ Staronová lọ́jọ́ Ẹtì gbọ́dọ̀ ti dé ibẹ̀ dáadáa ṣáájú agogo mẹ́ta. Ọkọ̀ wa ń gúnlẹ̀ ní kété tí agogo méjìlá bá kọjá. Àyè wà, ó tún ṣẹ́ kù.

Ọkọ̀ láti Berlin ò fún wa ní wàhálà kankan. Ó ń bá etí odò Elbe lọ, òkè àti àpáta ní ẹ̀gbẹ́ kan, omi ní ẹ̀gbẹ́ kejì, Àǹtí mi ò sì sùn rárá títí a fi dé.

Praha hlavní nádraží, orúkọ ibùdókọ̀ ńlá náà ní èdè Ṣẹ́ẹ̀kì, lẹ máa rí lára pátákó bí ẹ bá dé. Ẹ má sáré jáde. Ní pèpéle kìíní, ère ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó gbé ọmọ kékeré dání, tí ọmọbìnrin kan dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nicholas Winton ni. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, tó wá sí Prague ní ìparí ọdún 1938, tí òun àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ sì ṣètò bí ọmọ 669, Júù lèyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ṣe gba ibùdókọ̀ yìí gan-an lọ sí London ní 1939. Ọkọ̀ tó yẹ kó kó nǹkan bí ọmọ 250 ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kò lè kúrò, nítorí ọjọ́ náà ni ogun bẹ́ sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n mú ní 2009 láti ṣí aṣọ lójú ère náà. Àǹtí mi dúró níwájú rẹ̀, wọ́n ní, "Àbúrò, ṣé o mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àwọn òbí tó gbé ọmọ wọn sínú ọkọ̀ níbí, orúkọ wọn ni à ń lọ kà lára ògiri yẹn?" Mo mọ̀, ṣùgbọ́n mi ò rò ó báyẹn rí. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ dúró níbẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá ti pèpéle yẹn lọ sí Josefov á mọ ohun tó ń lọ wò.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo lọ tọ́jú àpótí wa sínú àwọn àpótí onírin tí wọ́n ń háyà fún èrò. Mi ò pẹ́. Nígbà tí mo fi máa padà, Àǹtí mi ti rí ìsọ̀ ìpààrọ̀ owó kan lójú ọ̀nà, wọ́n ti pààrọ̀ yúrò 200, wọ́n ń ká kòrúnà, owó ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì, sínú pọ́ọ̀sì. Wọ́n ní àwọn ò lè máa rin ìlú onílùú láì ní owó wọn lápò, pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gan-an ń gba owó. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo béèrè pé, "Àǹtí mi, èló ni wọ́n ṣírò fún yín?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti igba."

Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ fún mi ní rìsíìtì. Ní àsìkò yẹn, yúrò kan tó nǹkan bíi kòrúnà 25. Yúrò 200 yẹ kó fún wọn ní bíi kòrúnà 5,000. Kòrúnà 16 péré ni ìsọ̀ yẹn ra yúrò kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ wọn. Mo lọ wo pátákó iwájú ìsọ̀ náà. "0%" ni wọ́n kọ gàdàgbà síbẹ̀, tó túmọ̀ sí pé wọn kì í gba owó iṣẹ́. Iye tí wọ́n ń ta yúrò lẹ máa kọ́kọ́ rí, ó sì dà bí iye tó dáa. Iye tí wọ́n ń rà á, tó jẹ́ òun gan-an ló kan àlejò tó mú yúrò wá, ó kéré ní ìsàlẹ̀, ẹni tí ojú rẹ̀ ò bá ríran dáadáa ò lè kà á láti ẹ̀yìn gíláàsì. Àgbàlagbà tó ti ń kọ́ ọmọ ní ìwé kí wọ́n tó bí ẹni tó jókòó sínú ìsọ̀ yẹn ni wọ́n fi "0%" mú. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, ó ju owó lọ.

Àǹtí mi ní, "Fi sílẹ̀. Owó á tún wá. Àkókò wa ló ń lọ."

Mo ní, "Ẹ má bínú, Àǹtí mi, mi ò ní fi í sílẹ̀."

Obìnrin kan wà nítòsí tó ń ta kọfí àti búrẹ́dì. Ó rí rìsíìtì lọ́wọ́ mi, ó rí ojú mi, ó sì yé e. Èdè Jámánì ló fi bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní kí n yára, wákàtí mẹ́ta ni mo ní. Òfin sọ pé mo lè dá owó náà padà. Kí a má ná nínú rẹ̀ rárá, kódà a ò gbọ́dọ̀ fi ra kọfí lọ́wọ́ òun. Ó tún ọ̀rọ̀ ọ̀hún sọ: ẹ má ná nínú rẹ̀. Ọlọ́run á bù kún ọjà obìnrin yẹn.

Òfin tó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wà láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2019. Ẹni tó bá pààrọ̀ owó ní ìsọ̀ ìpààrọ̀ owó ní ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì, tí iye rẹ̀ kò bá ju yúrò 1,000 lọ, ní wákàtí mẹ́ta láti yí ọkàn padà. Kò ní láti wí àwíjàre kankan. Á mú rìsíìtì wá, á mú owó tí wọ́n fún un wá ní pípé, wọ́n á sì dá tirẹ̀ padà. Báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ náà, Česká národní banka, ló ń ṣọ́ àwọn ìsọ̀ wọ̀nyí, òun ló ń fún wọn níwèé àṣẹ, òun ló sì lè fìyà jẹ wọ́n. Mo ka gbogbo èyí lórí fóònù mi ní ìdúró. Bí mo ṣe kà á tán, mo padà sí ojú fèrèsé náà.

Ọmọkùnrin kan ló wà lẹ́yìn gíláàsì. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, mo ní a fẹ́ dá owó padà. Ó ní kò ṣeé ṣe. Mo ní òfin sọ pé ó ṣeé ṣe. Ó ní ẹ̀rọ òun ò lè yí iṣẹ́ tó ti ṣe padà. Mo ní kó fún mi ní fọ́ọ̀mù, kí n fọwọ́ kọ ọ́. Ó ní fọ́ọ̀mù ò sí. Mo ní kó kọ ọ́ sínú ìwé pé fọ́ọ̀mù ò sí, kó sì buwọ́ lù ú. Ìgbà yẹn ló ní ọ̀gá òun ni yóò dá sí i, ọ̀gá ò sì sí nílé. Ìgbà wo ni ọ̀gá á dé? Kò mọ̀. Ó ní kí a padà wá ní alẹ́.

Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ní alẹ́, wákàtí mẹ́ta á ti kọjá. Mo ní a ò lọ ibì kankan.

A dúró. Wọ́n wá aga fún Àǹtí mi lọ́dọ̀ obìnrin oníkọfí, wọ́n jókòó, wọ́n na ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n síwájú. Èmi dúró sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé náà. Kì í ṣe pé mo dí ẹnikẹ́ni lọ́nà, ṣùgbọ́n gbogbo àlejò tó bá fẹ́ mú owó jáde ni mò ń kí, tí mo sì ń fi rìsíìtì wa hàn: kòrúnà 16 ni wọ́n fi ra yúrò tiwa, 25 ni ó ń lọ. Tọkọtaya kan wo rìsíìtì, wọ́n wo ara wọn, wọ́n fi owó wọn padà sápò. Àwọn ọ̀dọ́ mélòó kan tẹ̀ lé wọn. Ojú ọmọkùnrin yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ó ní òun á pe ọlọ́pàá. Mo ní kó tètè pè é, èmi náà fẹ́ rí i. Kò pè é.

Bí a ṣe wà nìyẹn. Mo ń wo aago ibùdókọ̀, mo ń ro Staronová lọ́kàn. Agogo kan kọjá. Agogo kan ààbọ̀ kọjá. Ọmọkùnrin náà a gbé fóònù, a sọ̀rọ̀ kúkúrú, a tún gbé e sílẹ̀, a bojú wo wá bóyá ó ti sú wa. Ohun tí irú àwọn ìsọ̀ yìí gbójú lé gan-an nìyẹn: pé àlejò ní ọkọ̀ tó fẹ́ wọ̀, ó ní ilé tó fẹ́ wò, ó ní ọmọ tó ń sunkún, kò ní lè dúró. Òfin wà, ó dáa, àmọ́ àkókò àlejò ni wọ́n fi ń bá òfin náà jà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mi ò sì tún lè ṣe ohunkóhun sí i ju pé kí n dúró lọ.

Nígbà tó yá, Àǹtí mi dìde. Wọn ò pariwo. Wọ́n lọ sí ojú fèrèsé, wọ́n fi ohùn tí wọ́n fi ń darí kíláàsì ọmọ ogójì pè é. Wọ́n ní kó wo àwọn dáadáa. Wọ́n ní àwọn ti jìnnà sílé, orúnkún ń dùn wọ́n, àwọn sì fẹ́ dé ibì kan kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n ní, "Òfin ìlú rẹ ni. Ìwọ ló yẹ kó kọ́ mi ní òfin náà, kì í ṣe èmi ló yẹ kí n wá máa kọ́ ọ." Lẹ́yìn náà wọ́n to kòrúnà 3,200 náà síwájú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbé rìsíìtì lé e lórí, wọ́n sì dúró.

Mo ti ṣí ojú ewé báńkì àpapọ̀ náà lórí fóònù, mo gbé e sún mọ́ gíláàsì kó lè rí i. Kò sọ nǹkan kan. Ó ṣí àpótí kan lábẹ́ tábìlì, ó sì mú fọ́ọ̀mù jáde. Fọ́ọ̀mù tó ní kò sí! Títẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó ti wà níbẹ̀ láti òwúrọ̀. Àǹtí mi kọ ọ́, wọ́n buwọ́ lù ú, ó ka yúrò 200 sílẹ̀. Àǹtí mi náà kà á níwájú rẹ̀ kí wọ́n tó kúrò, wọ́n sì kí i pé ó ṣé. Inú mi dùn sí wọn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ìbínú mi. Obìnrin oníkọfí pàtẹ́wọ́ fún wọn. A fi káàdì báńkì mi ra kọfí àti búrẹ́dì lọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ẹ̀rọ káàdì wà lórí tábìlì rẹ̀ láti ìgbà yìí wá.

Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ kedere: a ò nílò kòrúnà kankan lọ́wọ́. Ẹ̀rọ tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì nínú ibùdókọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ń gba káàdì. Nínú tíráàmù, ọkọ̀ ojúurin àárín ìgboro, ẹ̀rọ kan wà lára òpó tí ẹ máa fi káàdì kàn. Mùsíọ́mù ń gba káàdì. Bí owó bá pọn dandan, ẹ fi káàdì gbà á nínú ẹ̀rọ tó jẹ́ ti báńkì gidi, bí ẹ̀rọ náà bá sì béèrè bóyá kí ó ṣírò rẹ̀ ní yúrò tàbí ní kòrúnà, ẹ mú kòrúnà.

Agogo méjì ti kọjá dáadáa kí a tó kúrò níbẹ̀. Awakọ̀ kan tó ń dúró de èrò sọ fún wa pé yúrò 40 lòun á fi gbé wa dé Josefov. Fún ọ̀nà tí kò ju kìlómítà méjì lọ! Mi ò dá a lóhùn.

Ìrìn abẹ́ ilẹ̀ ò nílò àlàyé gígùn. Ẹ wọ ọkọ̀ ìlà C, èyí tó pupa, tó dorí kọ Háje. Ibùdó kan péré, ẹ ti dé Muzeum. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ tẹ̀ lé àmì ìlà A, èyí tó jẹ́ àwọ̀ ewé, ẹ wọ èyí tó ń lọ sí Nemocnice Motol. Ó máa dúró ní Můstek, lẹ́yìn rẹ̀ ó kan Staroměstská, ibẹ̀ lẹ máa bọ́ọ́lẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì oníwèé ò tíì ṣiṣẹ́ bí ẹ ṣe rà á. Ẹ gbọ́dọ̀ tì í bọ inú àpótí aláwọ̀ òféèfé tó wà lẹ́nu ọ̀nà kó lè lu aago lé e. Àwọn tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò kì í wọ aṣọ iṣẹ́, àmì kékeré kan ni wọ́n máa fi hàn yín, wọn kì í sì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ẹni tí kò lu tirẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn sì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àtẹ̀gùn oníná wọn gùn, ó dagun, ó sì ń sáré ju ti Berlin lọ. Mo di ọwọ́ Àǹtí mi mú títí a fi dókè.

Ní Staroměstská, ẹ gba òpópónà Valentinská, kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ máa já sí Široká. Ibẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà Pinkas wà. Àwa kọ́kọ́ sáré kọjá lọ sí Staronová nítorí aago. Wọ́n ti tì í. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pa dé ni, a rí àwọn àlejò tó gbẹ̀yìn tí wọ́n ń gòkè wá sí òpópónà. Mo dúró níbẹ̀, mo ń ronú nípa fọ́ọ̀mù tó wà nínú àpótí láti òwúrọ̀. Bí ọmọkùnrin yẹn bá ti mú un jáde nígbà tí mo kọ́kọ́ béèrè, a ò bá ti wà nínú ilé yẹn. Àǹtí mi fọwọ́ kàn mí léjìká, wọ́n ní Pinkas la tìtorí rẹ̀ wá.

Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ Pinkas. Kò sí àwòrán lára ògiri rẹ̀, kò sí ohun ọ̀ṣọ́. Orúkọ ni, láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ìlú lẹ́yìn ìlú. Orúkọ ìdílé ni wọ́n fi pupa kọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ìdílé náà, ọjọ́ tí wọ́n bí i, àti ọjọ́ tí a gbọ́ ìró rẹ̀ kẹ́yìn. Láàárín 1954 sí 1959 ni àwọn ayàwòrán méjì, Václav Boštík àti Jiří John, bojú tó iṣẹ́ náà. Omi abẹ́ ilẹ̀ wọ ilé náà, wọ́n tì í ní 1968, ó sì wà ní títì fún ọ̀pọ̀ ọdún lábẹ́ ìjọba ìgbà yẹn; lẹ́yìn tí ìjọba náà wó ni wọ́n tún àwọn orúkọ náà kọ ní àwọn ọdún 1990. Ìkún omi ńlá ti ọdún 2002 tún bà wọ́n jẹ́, wọ́n sì tún un ṣe. Àǹtí mi ń kà wọ́n sókè jẹ́jẹ́. Bí wọ́n bá dé ibi orúkọ ìdílé kan, wọ́n á ka gbogbo ọmọ ilé náà tán kí wọ́n tó ṣí ẹsẹ̀. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń ki ènìyàn nílé wa nìyẹn, a kì í fo ẹnikẹ́ni. Lókè ilé náà ni àwòrán tí àwọn ọmọdé yà nínú Terezín, àgọ́ tí àwọn Násì kó àwọn Júù sí, wà. Èmi wò wọ́n; Àǹtí mi ò lè gòkè, wọ́n sì ní orúkọ ti tó àwọn.

Láti inú Pinkas lẹ máa gbà wọ itẹ́ òkú àtijọ́. Òkúta bíi 12,000 ló wà níbẹ̀, wọ́n fara ti ara wọn bí àgbàdo tí atẹ́gùn fẹ́ lulẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n fún àwọn Júù láti sin òkú ò tó, òfin ẹ̀sìn wọn ò sì jẹ́ kí wọ́n hú òkú àtijọ́, nítorí náà wọ́n ń da ilẹ̀ lé orí ilẹ̀, wọ́n ń sin òkú lé òkú, wọ́n sì ń gbé òkúta àwọn ti ìsàlẹ̀ bọ́ sókè. Èyí tó pẹ́ jù nínú òkúta náà, ti 1439, jẹ́ ti Avigdor Kara, akéwì àti rábì, ìyẹn olùkọ́ ẹ̀sìn àwọn Júù. 1787 ni wọ́n sin ẹni tó kẹ́yìn. Rábì Löw, tó kú ní 1609, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àwọn ènìyàn sì ń fi òkúta wẹ́wẹ́ sí orí sàréè rẹ̀. Ilẹ̀ ti ń ṣú, wọ́n ń lé wa jáde.

Bí ẹ bá jáde, ẹ ò ní rí àdúgbò tóóró tẹ́ ẹ ti ń retí. Ìjọba ìlú wó èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé Josefov lẹ́yìn òfin kan tó jáde ní 1893, wọ́n ní ibẹ̀ dọ̀tí, àrùn pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì kọ́ àwọn ilé gíga sí òpópónà Pařížská níbi tí wọ́n ti ń ta báàgì olówó gọbọi lónìí. Àwọn sínágọ́gù mélòó kan, itẹ́ òkú, àti gbọ̀ngàn ìlú àwọn Júù tí ọwọ́ aago rẹ̀ onílẹ́tà Hébérù ń yí sẹ́yìn, ni wọ́n dá sí. Orúkọ àdúgbò náà, Josefov, wá láti ọ̀dọ̀ Olú Ọba Josef Kejì, tó dín ìdè òfin kù lọ́rùn àwọn Júù ní àwọn ọdún 1780.

A padà sí Staronová ní ọjọ́ Sunday. Ìdí nìyí tí ìrìn àjò náà fi ná wa ní owó ilé ìtura tí a ò ti rò ká sílẹ̀, ìyẹn sì tún wà lára gbèsè tí ìsọ̀ yẹn jẹ wá lójú tèmi. Nǹkan bí ọdún 1270 ni wọ́n kọ́ ọ. Kò sí sínágọ́gù tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Yúróòpù tó dàgbà tó o. Ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ wọlé ni, nítorí ilẹ̀ ìlú ti ga ju ilẹ̀ rẹ̀ lọ. Ọkùnrin gbọ́dọ̀ bo orí. Wọ́n ń fún àwọn tí kò ní fìlà ní èyí tí wọ́n á dé. Fìlà mi wà lórí mi láti ilé, ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà wò ó, ó mi orí, mo kọjá. Àǹtí mi lọ dúró ní ẹ̀yìn ògiri níbi tí àwọn obìnrin máa ń jókòó sí, níbi tí ihò tóóró wà lára ògiri nípọn tí wọ́n fi ń gbọ́ ìsìn. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀ gan-an, mi ò sì pè wọ́n.

Ìgbà tí à ń padà, a fẹsẹ̀ rìn díẹ̀díẹ̀, torí mo fẹ́ kí Àǹtí mi rí òpópónà Jeruzalémská tó wà nítòsí ibùdókọ̀ ojúurin. Sínágọ́gù kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ àlejò ń sáré kọjá, tó ní àwọ̀ pupa, búlúù àti wúrà níwájú. 1906 ni wọ́n parí rẹ̀, láti fi rọ́pò àwọn sínágọ́gù tí wọ́n wó ní Josefov. Nítorí náà, ẹni tó bá ní agbára láti rìn lè ti ibùdókọ̀ gba ọgbà iwájú rẹ̀ kọjá, kó wo ilé yìí, kó gba ẹ̀gbẹ́ Ilé Ìṣọ́ Ètù Ìbọn àti òpópónà Celetná dé gbàgede ìlú àtijọ́, kó sì gba Pařížská wọ Josefov. Bí ọ̀nà náà ṣe dùn tó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kí a má wọ ọkọ̀ rárá.

Bí mo bá tún ń mú ènìyàn lọ, ọjọ́ Sunday sí Thursday ni màá mú, màá sì sọ fún un nínú ọkọ̀, kí a tó gúnlẹ̀, pé kó má pààrọ̀ owó. Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀ sí yín kí ẹ tó ka èyí, ẹ má ná owó náà, ẹ má sọ rìsíìtì nù, ẹ wo aago tó wà lára rìsíìtì náà. Ẹ ya fọ́tò pátákó iye owó wọn. Ẹ padà síbẹ̀, ẹ béèrè fọ́ọ̀mù. Bí wọ́n bá ní kò sí, ẹ ní kí wọ́n wo inú àpótí abẹ́ tábìlì.